Awò ìbọn olówó pọ́ọ́kú: Kí ló yẹ kí ayìnbọn ọ̀nà jíjìn wò kó tó sanwó?

Ọ̀rọ̀ òní dá lórí ohun kékeré kan tó máa ń jókòó sórí ìbọn, àmọ́ tó ti gbé owó ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ. Ohun náà ni awò ìbọn.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti gbilẹ̀ jù, ìyẹn Amẹ́ríkà. Pápá kan wà ní Camp Perry, ní ìpínlẹ̀ Ohio, létí adágún Erie. Láti ọdún 1907 ni àwọn èèyàn ti ń péjọ síbẹ̀ láti fi ìbọn díje. Ẹni tó bá dùbúlẹ̀ láti yìnbọn ní 1,000 yáàdì, ìyẹn nǹkan bíi mítà 914, àmì tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀ ní òbìrí kan láàrin, èyí tó ń fúnni ní máàkì mẹ́wàá. Ínṣì 20 péré ni òbìrí náà fẹ̀. Láti ibi tí ayìnbọn dùbúlẹ̀ sí, kò ju ẹnu abẹ́rẹ́ lọ lójú rẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ ráífù .308 tó wọ́pọ̀ ló ń lò, ọta rẹ̀ máa lò ju ìṣẹ́jú àáyá kan àbọ̀ lọ lójú ọ̀run kó tó débẹ̀. Ní gbogbo àsìkò yẹn, ilẹ̀ ń fà á sísàlẹ̀. Bí wọ́n bá ti tún ìbọn náà ṣe kó máa bá ojú àmì ní 100 yáàdì, tí wọn kò sì yí nǹkan kan padà, ọta náà á fi ju mítà mẹ́wàá lọ balẹ̀ sísàlẹ̀ ibi tí wọ́n fojú sùn. Ẹ wo gíga ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà mẹ́ta kẹ́ ẹ tó mọ bó ṣe pọ̀ tó.

Nítorí náà, iṣẹ́ méjì ni awò ìbọn ń ṣe. Àkọ́kọ́ ni pé kó jẹ́ kí ojú rí ohun tó jìnnà. Èkejì ni pé kó jẹ́ kí ayìnbọn lè ṣí ìfojúsùn rẹ̀ sókè ní ìwọ̀n tó péye, kí ọta tó ń já bọ̀ lè bọ́ síbi tó yẹ. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń torí rẹ̀ sanwó. Iṣẹ́ kejì ló sì ń já wọn kulẹ̀.

Ẹ̀rí wà fún èyí. Lọ́dún 1874, àwọn ará Amẹ́ríkà àti àwọn ará Ireland díje ní pápá Creedmoor, ní Long Island, New York. Ní 800 yáàdì, 900 àti 1,000 ni wọ́n ti yìnbọn. Amẹ́ríkà ló borí pẹ̀lú máàkì 934 sí 931. Kò sí awò tó ń mú nǹkan súnmọ́ lórí ìbọn wọn. Ihò kékeré tí wọ́n fi ń fojú sùn, tó ṣeé gbé sókè sódò ní ìwọ̀n, ni wọ́n fi ṣe é. Ìwọ̀n tó péye ló gbé wọn débẹ̀.

Kí ni wọ́n ń pè ní awò alágbára kan ṣoṣo?

Bí ẹ bá rí 3-9x40 lára awò, ó túmọ̀ sí pé agbára rẹ̀ ṣeé yí, láti ìlọ́po mẹ́ta dé ìlọ́po mẹ́sàn-án. 40 ni fífẹ̀ gíláàsì iwájú rẹ̀ ní mìlímítà. Àmọ́ bí ẹ bá rí 10x42, agbára kan ṣoṣo ló ní. Ìlọ́po mẹ́wàá ni, kò sì ṣeé yí. Ohun tó wà ní mítà 1,000 á dà bí ẹni pé ó wà ní 100.

Lójú ẹni tó ń rajà, èyí tó ṣeé yí ló máa kọ́kọ́ fani mọ́ra. Ó dà bíi kéèyàn ra ẹyọ kan, kó gba mẹ́fà. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ fi ń ṣe é, tí awò alágbára kan ṣoṣo sì ń dínkù lórí àtẹ.

Àmọ́ ẹ wo inú rẹ̀. Kí agbára awò tó lè yí, àwọn gíláàsì kan gbọ́dọ̀ máa lọ síwájú sẹ́yìn nínú ọ̀pá rẹ̀. Ohun tó ń rìn lè yẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó ń ta awò ní ẹgbẹ̀rún méjì dọ́là lè ṣe àwọn ohun tó ń rìn yìí kó ṣe rẹ́gí. Ilé iṣẹ́ tó fẹ́ ta tirẹ̀ ní igba dọ́là gbọ́dọ̀ wá ibì kan dín ìnáwó kù. Ọ̀bẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Nínú irú awò bẹ́ẹ̀, ìgbà míì wà tí ẹni tó bá yí agbára láti mẹ́ta sí mẹ́sàn-án á rí i pé ibi tí ọta ń bà ti yí padà díẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò fọwọ́ kan nǹkan míì.

Ọ̀rọ̀ àwọn ìlà tó wà nínú awò náà tún wà níbẹ̀. Àwọn ìlà yìí máa ń ní àmì kéékèèké tí a fi ń wọn bí nǹkan ṣe jìnnà tó àti iye tí atẹ́gùn máa gbé ọta lọ. Nínú ọ̀pọ̀ awò ọdẹ tí agbára rẹ̀ ṣeé yí, agbára kan péré ni ìwọ̀n àwọn ìlà náà ti máa ń péye. Bí ayìnbọn bá gbàgbé pé òun ti yí i, gbogbo ìṣirò rẹ̀ dòfo nìyẹn. Awò alágbára kan ṣoṣo kò ní irú ìṣòro yìí. Ìwọ̀n tó wà nínú rẹ̀ láàárọ̀ ló máa wà níbẹ̀ nírọ̀lẹ́.

Kókó ọ̀rọ̀ náà nìyí: bí owó bá kéré, kí ó má tú ká sórí ohun púpọ̀. Kó lọ sórí ohun kan ṣoṣo tó ṣe pàtàkì jù.

Ohun wo ló ṣe pàtàkì jù yẹn?

Nọ́ọ̀bù méjì ló wà lára awò ìbọn, ọ̀kan lórí, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí a ṣe ń yí nọ́ọ̀bù rédíò wá ibùdó ni a ṣe ń yí wọn. Tòkè ń gbé ìfojúsùn sókè tàbí sódò, tẹ̀gbẹ́ ń gbé e sọ́tùn-ún tàbí sósì. Bí a bá ti ń yí i, á máa ró “kẹ́, kẹ́, kẹ́”. Ìró kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n tó dúró fún.

Ìwọ̀n méjì ló wọ́pọ̀. Ọ̀kan ni mil. Mil kan jẹ́ sẹ̀ńtímítà mẹ́wàá ní mítà 100, ó sì jẹ́ mítà kan gbáko ní mítà 1,000. Nínú awò tó ń lo mil, ìró kan sábà máa ń jẹ́ ìdá mẹ́wàá mil, ìyẹn sẹ̀ńtímítà kan ní mítà 100. Èkejì ni MOA, tó jẹ́ ínṣì kan àti díẹ̀ ní 100 yáàdì. Kò sí èyí tó burú nínú méjèèjì. Ohun tó burú ni kí ìlà inú awò jẹ́ mil, kí nọ́ọ̀bù sì jẹ́ MOA. Irú rẹ̀ wà lọ́jà, ó sì máa ń kó ìṣirò bá ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́. Kí èdè tí ìlà ń sọ jẹ́ èyí tí nọ́ọ̀bù gbọ́.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ráífù .308 ti ìṣáájú. Kí ọta rẹ̀ tó lè ba àmì ní 1,000 yáàdì, ayìnbọn máa yí nọ́ọ̀bù sókè ní nǹkan bíi mil 11. Ká ní nọ́ọ̀bù náà ń ṣìnà ní ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún péré. Ní 100 yáàdì, kò sẹ́ni tó máa mọ̀, torí ayìnbọn kò ní yí i rárá. Ní 1,000 yáàdì, àṣìṣe yẹn á di nǹkan bíi sẹ̀ńtímítà 30. Láti àárín gbùngbùn òbìrí máàkì mẹ́wàá sí etí rẹ̀ kò ju sẹ̀ńtímítà 25 lọ. Ẹni tó fojú sùn dáadáa, tó mí dáadáa, tó sì rọra fa ìbọn, ti jáde nínú òbìrí láìṣẹ̀. Atẹ́gùn ni yóò sì máa bú.

Níbi ìdíje, máàkì ló sọnù. Lóko ọdẹ, ọ̀rọ̀ náà burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Sẹ̀ńtímítà 30 ni ìyàtọ̀ láàrin ẹran tó kú lójú ẹsẹ̀ àti ẹran tó gbé ọgbẹ́ wọ igbó lọ jẹ̀rora títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ọdẹ tó bá mọ iṣẹ́ kì í yìnbọn sí ibi tí awò rẹ̀ kò tíì fi hàn pé òun lè dé.

Ohun kejì tó yẹ kí ẹ bèèrè ni iye tí nọ́ọ̀bù lè rìn lápapọ̀. Bí gbogbo ìrìn rẹ̀ bá jẹ́ mil 17, ìdajì rẹ̀ ló kù láti lọ sókè, ìyẹn nǹkan bíi mil mẹ́jọ àbọ̀. Ẹni tó nílò mil 11 á yí i títí, nọ́ọ̀bù á sì gan. Ọ̀pọ̀ awò ọdẹ olówó pọ́ọ́kú ló wà ní irú ipò yìí. Ọ̀nà àbáyọ kan wà: irin ìjókòó tí wọ́n fi awò lé lórí ìbọn lè ní ìdàgẹ̀rẹ̀ díẹ̀ síwájú. Èyí tó wọ́pọ̀ jẹ́ 20 MOA, ó sì ń fi nǹkan bíi mil mẹ́fà kún ohun tó kù sókè.

Agbára mélòó ló tó?

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ máa ń rò pé bí agbára bá ṣe pọ̀ tó ni awò ṣe dára tó. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìlọ́po mẹ́wàá ni wọ́n fi ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún nínú iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà. Ráífù M24 tí iléeṣẹ́ ológun orí ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbà wọlé lọ́dún 1988, awò Leupold oníìlọ́po mẹ́wàá tí kò ṣeé yí ló bá a wá. M40A1 ti àwọn Marine náà, awò Unertl oníìlọ́po mẹ́wàá ló wà lórí rẹ̀.

Bí agbára bá ṣe ń pọ̀ sí i ni àwọn nǹkan mẹ́ta ń bàjẹ́.

Àkọ́kọ́ ni ìmọ́lẹ̀. Ẹ fi agbára pín fífẹ̀ gíláàsì iwájú, ẹ ó mọ bí ìmọ́lẹ̀ tó ń wọ ojú ṣe fẹ̀ tó. 10x42 ń fúnni ní mìlímítà mẹ́rin lé díẹ̀. 20x42 ń fúnni ní méjì lé díẹ̀. Lọ́sàn-án gangan, ìyẹn lè tó. Ní ìdájí tàbí ní àṣálẹ́, nígbà tí ẹyinjú ti ṣí gbòòrò, awò ìlọ́po 20 á ṣókùnkùn.

Èkejì ni ooru ilẹ̀. Gbogbo ẹni tó ti rin títì ọ̀dà lọ́sàn-án ẹ̀ẹ̀rùn ló mọ̀ ọ́n: iwájú á máa dán bí omi, ohun tó wà lókèèrè á sì máa jó. Awò ò lè mú àmì súnmọ́ kó má mú ijó yẹn súnmọ́. Ní ọjọ́ tí oòrùn bá mú, ẹni tó ní ìlọ́po 20 lè máa rí omi tó ń hó, kí ẹni tó ní mẹ́wàá máa rí àmì rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni fífẹ̀ ohun tí ojú lè rí. Ní ìlọ́po mẹ́wàá, ibi tí ojú rí ní mítà 100 kò ju nǹkan bíi mítà mẹ́rin lọ ní fífẹ̀. Ní ìlọ́po 20, ó máa ń tó ìdajì ìyẹn. Rírí ibi tí ọta bà á wá di iṣẹ́.

Níbí ni a gbọ́dọ̀ ti sọ òtítọ́ nípa àléébù awò alágbára kan ṣoṣo. Kò dára fún ẹni tó ń dẹ igbó dídí, níbi tí ẹran ti lè yọ ní mítà 30. Kó tó wá ẹran náà rí nínú ihò tóóró yẹn, ẹran ti lọ. Ìlọ́po mẹ́fà ló sàn fún ẹni tó ń da ọdẹ pọ̀ mọ́ ìdíje. Mẹ́wàá wà fún pápá gbalasa àti àmì ọ̀nà jíjìn. Ẹni tó bá sì fẹ́ èyí tó bá gbogbo rẹ̀ mu gbọ́dọ̀ tọ́jú owó títí yóò fi lè ra ojúlówó tó ṣeé yí.

Ẹ tún bi olùtajà léèrè bóyá awò náà ṣeé tún ṣe fún ọ̀nà jíjìn àti tòsí, kí àmì àti ìlà lè jọ dúró sójú kan. Bí ẹ bá gbé orí kúrò díẹ̀ láì fọwọ́ kan ìbọn, tí ìlà náà sì ń rìn kúrò lórí àmì, wọn kò tíì bára mu nìyẹn. Awò tí wọ́n ti dè mọ́ 100 yáàdì látilé iṣẹ́ kò rọrùn fún 1,000.

Èló ni èèyàn máa ná?

Àpẹẹrẹ tí ọ̀pọ̀ ayìnbọn ní Amẹ́ríkà mọ̀ ni SS 10x42 ti SWFA, ìpínlẹ̀ Texas. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, nǹkan bíi 300 dọ́là ni wọ́n ń tà á. Gíláàsì rẹ̀ kò mọ́ bíi ti olówó gọbọi, kò sì ní iná nínú. Ohun tó gbé orúkọ rẹ̀ jáde ni pé nọ́ọ̀bù rẹ̀ ń lọ síbi tó ní òun ń lọ, ó sì ń padà síbi tó ti kúrò. Kì í ṣe òun nìkan ló wà, àlòkù tó dára sì wà lọ́wọ́ àwọn tó ti gbé tiwọn sílẹ̀ ra èyí tó ṣeé yí. Ohun tó yẹ ká kọ́ lára rẹ̀ ni bí wọ́n ṣe pín owó ọ̀hún: wọ́n yọ ohun tó ń dán kúrò, wọ́n fi ohun tó ń ṣiṣẹ́ sílẹ̀.

Ẹ má ná gbogbo owó tán sórí awò. Irin ìjókòó àti òrùka tó di awò mú ń gba tiwọn. Òrùka tí kò dára á jẹ́ kí awò máa sún ní gbogbo ìgbà tí ìbọn bá tàpá, ẹni tó ni ín á sì máa rò pé awò ló bàjẹ́. Skúrù rẹ̀ ní iye tí ó yẹ kó le tó, ó wà nínú ìwé tó bá a wá. Ohun tó bá ṣẹ́kù, ẹ fi ra ọta láti fi kọ́ṣẹ́.

Ẹ sì ṣọ́ra fún ayédèrú. Bí ẹ bá rí awò tí orúkọ ilé iṣẹ́ ńlá wà lára rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí iye owó rẹ̀ kò sì tó ìdá mẹ́ta ti ìsọ̀ gidi, ohun tó ń run imú wà níbẹ̀.

Bí a ṣe ń dán an wò

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹ má fi ẹnu olùtajà dúró, ẹ dán an wò fúnra yín. Ìdánwò yìí kò gba ọta kankan.

Ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé kò sí ọta nínú ìbọn, kí ẹnìkejì náà sì tún yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ dè é mọ́ ibi tí kò ti ní mira, ní pápá ìyìnbọn. Ẹ wọn mítà 100 gan-an, ẹ fi okùn gbé tépù ìwọ̀n kọ́ síbẹ̀ kó dúró ṣánṣán. Ẹ fi ìlà inú awò sórí nọ́ńbà kan lára tépù náà. Ẹ wá yí nọ́ọ̀bù ní mil mẹ́wàá. Ìlà náà gbọ́dọ̀ rin mítà kan gbáko lórí tépù. Bí ó bá rin sẹ̀ńtímítà 97, ẹ ti mọ àṣìṣe rẹ̀, ẹ lè fi í sínú ìṣirò. Ẹ dá a padà. Ó gbọ́dọ̀ balẹ̀ sórí nọ́ńbà tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ ṣe é nígbà mẹ́wàá. Awò tó ń ṣìnà ní iye kan náà ní gbogbo ìgbà ṣeé bá gbé. Èyí tó ń balẹ̀ síbi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kò ṣeé fọkàn tán, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wo bí ojú ṣe jìnnà sí awò. Sẹ̀ńtímítà mẹ́jọ ni kí ẹ máa wò ó bíi. Ẹni tó bá fi ojú lẹ̀ mọ́ ọn, ìbọn tó tàpá á fi etí awò ya á níwájú orí.

Ohun kan wà tí awò kò wà fún. Kò wà fún wíwo ẹni tó ń bọ̀ tàbí ohun tó ń mira nínú igbó. Ibi tí awò ìbọn bá kọjú sí ni ẹnu ìbọn kọjú sí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó wà lókèèrè, kó lo awò onígíláàsì méjì tó máa ń so mọ́ ọrùn. Ìgbà tó bá ti dá a lójú pé ẹran ni, tó sì mọ ohun tó wà lẹ́yìn ẹran náà, ni kó tó gbé ìbọn.

Kí ni òfin sọ?

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní Amẹ́ríkà àti àwọn ará ilé wọn. Ó lè wu ẹni tó ń gbé ní Houston láti ra awò fún bọ̀ọ̀dá rẹ̀ tó ń ṣọdẹ nílé, kó sì fi í sínú báàgì. Kó má ṣe é. Òfin tó de ọjà tó ń jáde kúrò ní Amẹ́ríkà ka awò ìbọn mọ́ ohun tó ń gba ìwé àṣẹ ìjọba kó tó lè lọ sí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, títí kan Nàìjíríà. Pé ó kéré, tàbí pé ẹ̀bùn ni, kì í ṣe àwíjàre. Bákan náà, òfin àpapọ̀ Amẹ́ríkà kò gba ọ̀pọ̀ ẹni tó wà níbẹ̀ pẹ̀lú físà ìgbà díẹ̀, bíi akẹ́kọ̀ọ́ àti àlejò, láyè láti ní ìbọn, àfi bí ó bá ní ohun tí òfin yọ̀ǹda, bíi ìwé àṣẹ ọdẹ.

Ní Nàìjíríà, Firearms Act tọdún 1959 ni òfin tó de ìbọn. Ráífù ológun wà lára ohun tí ará ìlú kò gbọ́dọ̀ ní láìsí àṣẹ Ààrẹ. Ìbọn ọdẹ àti ìbọn afẹ́fẹ́ pàápàá ń gba ìwé àṣẹ, ṣakabùlà náà sì wà lábẹ́ òfin yìí. Ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà lápapọ̀, àdéhùn ECOWAS tí wọ́n buwọ́ lù ní Abuja lọ́dún 2006 ló ń darí bí ohun ìjà kéékèèké ṣe ń kọjá ẹnubodè. Ìbéèrè àkọ́kọ́ nípa awò ni bóyá ìbọn tó fẹ́ jókòó lé bá òfin mu.

Ẹni tó bá ti rékọjá ìyẹn lè wá fi ìyókù sọ́kàn bí ó ṣe ń wọ ìsọ̀: agbára kan tó tó fún iṣẹ́ rẹ̀, ìlà àti nọ́ọ̀bù tó ń sọ èdè kan náà, ìrìn tó tó láti gbé ọta dé ibi tó ń lọ, àti tépù ìwọ̀n láti fi mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Awò tó bá yege lórí tépù yẹn, bó bá jẹ́ 300 dọ́là péré ni wọ́n rà á, ó sàn ju olówó ńlá tí ẹnikẹ́ni kò tíì dán wò lọ.